Wọ́n Ti Fún Mi Níṣẹ́, Ṣé Mo Lè Ní Kí Wọ́n Fowó Kún Un?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ló pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe ti àwọn tí ò ríṣẹ́ o, àwọn tó ti ríṣẹ́ ló ń kọ ọ́, wọ́n ti pè wọ́n, wọ́n ti ṣe intáfíù, lẹ́tà ti dé, wọn ò wá mọ bí wọ́n ṣe máa lanu sọ pé owó yìí kéré. Mo ṣiṣẹ́ ọdún mọ́kànlá ní ọ́fíìsì HR, ìyẹn àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ojú ìwé yìí, èmi gan-an ni mo máa ń tẹ irú àwọn lẹ́tà yẹn, torí náà ẹ jẹ́ ká fi gbogbo ojú ìwé tòní sọ ọ́.

Ẹ káàsán ma. Ọmọ ọdún 26 ni mí, akáǹtáǹtì ni mí ní kọ́ńpínì kékeré kan níbí n'Íbàdàn, ₦180,000 ló ń wọ àkáǹtì mi lóṣooṣù. Kọ́ńpínì kan n'Íkẹjà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi níṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ₦250,000 gross. Inú mi dùn gan, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní owó yẹn kéré fún Èkó, pé kí n ní kí wọ́n fi kún un. Ìgbà tí mo sọ fún mọ́mì mi, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ dán an wò, pé ṣé mo ti gbàgbé bí a ṣe gbààwẹ̀ tó torí iṣẹ́ yìí ni, kí n má fi ojúkòkòrò lé ire lọ. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kí n sáìn lẹ́tà yẹn padà. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi n'Íyànà-Ìpájà ni mo máa gbé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? — Ọmọ Mókọ́lá, Ìbàdàn

Àbúrò mi, kú oríire o, Ọlọ́run á fi ṣe iṣẹ́ ìrọ̀rùn. Bá mi kí mọ́mì, kó o sì sọ fún wọn pé mi ò ní kọ́ ẹ ní ojúkòkòrò. Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, ìyá tèmi náà bẹ̀rù ẹ̀ títí wọ́n fi dàgbà, ẹni tó bá ti rí ọmọ tó sin ìlú tán tó wá jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta, tí wọ́n bá ti pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ síṣẹ́, gbogbo ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé kí ọmọ má ṣe ohunkóhun tó máa jẹ́ kí wọ́n yí ọkàn padà. Àmọ́ bíbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Ìwọ tó o dàgbà sí Mókọ́lá, ṣé ọjọ́ kan wà tó o dé Bódìjà tí ẹlẹ́lùbọ́ dá ọjà lé ẹ, tó o kàn sanwó láì sọ̀rọ̀? Kò sì bínú sí ẹ rí pé o ná an.

Ká kọ́kọ́ ṣírò owó yẹn ná, torí ₦250,000 gross kọ́ ni ₦250,000 tó máa wọ àkáǹtì ẹ. Pẹ́ńṣọ̀n ló máa kọ́kọ́ jáde, 8% ni tìẹ, ọ̀gá ẹ náà gbọ́dọ̀ fi 10% tiẹ̀ sí i, òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014 ló sọ bẹ́ẹ̀ fún kọ́ńpínì tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé gbogbo owó yẹn ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀, ₦20,000 nìyẹn lóṣù. Lẹ́yìn ìyẹn owó orí. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026 sọ pé ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ₦2.2 mílíọ̀nù tó tẹ̀ lé e, 15% ni wọ́n máa gbà. Owó ọdún ẹ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta, yọ ₦240,000 ti pẹ́ńṣọ̀n, yọ ₦800,000 yẹn, ó ku ₦1,960,000, 15% ẹ̀ jẹ́ ₦294,000 lọ́dún, ìyẹn ₦24,500 lóṣù. Ohun tó máa wá wọlé sí ẹ lọ́wọ́ ni ₦205,500. (Ká ní ìwọ fúnra ẹ lò ń sanwó ilé ni, òfin yẹn máa yọ 20% owó ilé ẹ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí, kò ṣáà gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ, àmọ́ ọ̀dọ̀ àǹtí lo máa wà, ìyẹn ò tíì kàn ẹ́.)

Wá fi wé ₦180,000 tó ò ń gbà báyìí. ₦25,500 péré ló fi lé. Ká ní àlọ àtàbọ̀ láti Ìyànà-Ìpájà dé Ìkẹjà ná ẹ ní ₦1,200 lójúmọ́, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ó máa jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjìlélógún lóṣù jẹ́ ₦26,400. Ọkọ̀ ti gbé gbogbo owó tí wọ́n fi kún un fún ẹ, ó tiẹ̀ tún kó ẹ sí gbèsè. Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn ò purọ́. Látọjọ́ tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, 2023 ni owó ọkọ̀ ti di nǹkan tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi ṣe ìṣirò kó tó gba iṣẹ́, pàápàá iṣẹ́ Èkó.

Torí náà béèrè. Iye wo? Má kàn pe iye tó wù ẹ́. Wá àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde, àwọn tó ń ṣe akáǹtì n'Íkẹjà, n'Ílúpéjú, bi wọ́n ní WhatsApp, má bi wọ́n pé èló lò ń gbà o, kò sẹ́ni tó máa dáhùn ìyẹn, bi wọ́n pé ẹni tó ní irú ìrírí tèmi, èló ló yẹ kó gbà níbi tìẹ, wàá rí i pé wọ́n máa sọ ọ́. Tó o bá gbọ́ ti ẹni mẹ́rin, márùn-ún, wàá ti mọ ibi tọ́jà wà. Ká sọ pé ohun tó o gbọ́ wà láàárín ₦280,000 sí ₦330,000, béèrè ₦320,000, kó o sì ti mọ̀ lọ́kàn ara ẹ pé tí wọ́n bá dúró sí ₦290,000 wàá gbà á. ₦290,000 yẹn, tí wọ́n bá yọ pẹ́ńṣọ̀n àti owó orí tán, nǹkan bí ₦236,000 ló máa wọlé. Ìyẹn ti dá yàtọ̀ sí ₦205,500.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó polówó iṣẹ́ kan, ọ̀gá máa ti kọ ọ́ sínú ìwé pé láti iye báyìí dé iye báyìí la lè san. Èmi tí mo ń tẹ lẹ́tà, iye ìsàlẹ̀ tàbí èyí tó sún mọ́ ọn ni wọ́n máa ní kí n kọ́kọ́ tẹ̀. Kì í ṣe ìkà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, màá gbé e lọ bá ọ̀gá, ọ̀gá máa wo ìwé ẹ̀, á ní fi báyìí kún un. Ẹni tó bá ní ẹ ṣé sà, ó parí. Owó tí wọn ò béèrè yẹn, ó ṣì wà nínú ìwé ọ̀gá níbẹ̀.

Èmi náà ni mo ní ẹ ṣé sà nígbà tèmi. Ọjọ́ kan náà lèmi àti arákùnrin kan jọ wọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi, ilé ìwé kan náà la ti jáde, tábìlì wa kọjú síra. Ọdún méjì gbáko la jọ ń jẹ ẹ̀wà ọ̀sán kí n tó mọ̀ pé owó ẹ̀ fi ₦15,000 ju tèmi lọ, ₦15,000 ìgbà yẹn kì í sì í ṣe owó kékeré rárá. Mo bi í pé kí lo ṣe, ó ní mo kàn bi wọ́n pé ṣé ẹ lè gbé e sókè díẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí. Ohun tó dùn mí jù ni pé tí wọ́n bá fi 10% kún owó gbogbo òṣìṣẹ́, tiẹ̀ á tún fò ju tèmi lọ, torí orí owó tí èèyàn bá fi wọlé ni wọ́n ti ń ṣírò gbogbo nǹkan, àfikún ọdọọdún, pẹ́ńṣọ̀n, owó lífù, àní iṣẹ́ tí mo lọ lẹ́yìn ẹ̀ gan-an, owó tí mo ń gbà níbẹ̀ ni wọ́n fi díwọ̀n tuntun. Mo ń sọ ọ́ fún ẹ kó o má bàa jẹ irú ẹ̀.

Bó o ṣe máa sọ ọ́ nìyí. Àwọn àgbà ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Má dúró di ọjọ́ Ajé, pe HR tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹ lọ́la, láàárọ̀, kì í ṣe àsìkò oúnjẹ. Kọ́kọ́ dúpẹ́, kó o sì dúpẹ́ tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà sọ nǹkan tó jọ èyí, kó o yí i sí Gẹ̀ẹ́sì tìẹ: "Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí ma, mo sì fẹ́ wá bá yín ṣe é. Mo ka lẹ́tà yẹn dáadáa. Mo wo iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, pípa ìwé owó dé lóṣooṣù, VAT, owó orí òṣìṣẹ́, kíkó ìwé jọ de àwọn ọ̀díítọ̀, gbogbo ẹ̀ ni mò ń ṣe níbi tí mo wà báyìí fún ọdún mẹ́ta. Iye tí mo rò pé ó bá a mu ni ₦320,000. Ṣé ẹ lè bá mi wò ó?" Lẹ́yìn ìyẹn, dákẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyí, wọ́n á béèrè tán, ìdákẹ́jẹ́ á bá wọn lójijì, wọ́n á tún fẹnu ara wọn sọ pé tí kò bá ṣeé ṣe náà kò burú ma. Jọ̀ọ́, má sọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n rò ó.

Má sì gbé ẹ̀dùn ọkàn lọ bá wọn. Pé nǹkan ti wọ́n, pé àbúrò ẹ ń lọ sí yunifásítì, òótọ́ ni, àmọ́ HR tó gbé fóònù yẹn náà ní àbúrò nílé. Ohun tó o lè ṣe fún wọn ni kó o fi béèrè.

Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè fi kọ́bọ̀ kún un, ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Béèrè pé ṣé wọ́n lè tún owó yẹn wò tó o bá lo oṣù mẹ́fà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà, torí "a máa rí sí i" tí wọ́n sọ lẹ́nu, ẹni tó sọ ọ́ lè ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé. Béèrè pé ṣé wọ́n máa ń sanwó ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì, fún òṣìṣẹ́, ìyẹn kì í ṣe owó kékeré fún akáǹtáǹtì. Béèrè HMO, ìyẹn ètò ìtọ́jú ìlera òṣìṣẹ́, ilé ìwòsàn wo ló wà níbẹ̀. Béèrè pé ṣé ọjọ́ kan tàbí méjì wà tó o lè ṣiṣẹ́ láti ilé, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tí o ò bá wọkọ̀, owó ni. Kó o sì béèrè bí wọ́n ṣe pín ₦250,000 yẹn, èló ni basic, èló ni ti ilé, èló ni ti ọkọ̀, torí orí mẹ́ta yìí ni òfin ní kí wọ́n ti máa ṣírò pẹ́ńṣọ̀n, àwọn kọ́ńpínì kan á wá jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kéré, wọ́n á kó ìyókù sí abẹ́ nǹkan tí wọ́n ń pè ní "other allowances", pẹ́ńṣọ̀n ẹ á wá dà bí omi ẹ̀kọ. Tún béèrè bóyá 10% tí ọ̀gá ẹ máa san wà lọ́tọ̀ tàbí inú ₦250,000 yẹn náà ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, oṣù àkọ́kọ́ ló tó mọ̀.

Ti mọ́mì, pé kí wọ́n má gba iṣẹ́ yẹn padà. Mi ò ní parọ́ fún ẹ pé kò lè ṣẹlẹ̀. Ní ọdún mọ́kànlá tí mo lò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i tí wọ́n gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹnì kan torí owó, arákùnrin yẹn sọ fún wa pé ilé iṣẹ́ míì fẹ́ san ìlọ́po méjì, a ní kó fi lẹ́tà wọn hàn wá, kò ní in. Irọ́ ló lé e lọ. Ibi tó o ti máa ṣọ́ra ni kọ́ńpínì tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, tí ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló ń gbà yín síṣẹ́ tó sì ń mú gbogbo ọ̀rọ̀ sí ara, níbẹ̀ béèrè lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, kó o gba èsì tó bá fún ẹ. Má sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ n'Íbàdàn títí lẹ́tà tuntun tí gbogbo nǹkan wà nínú ẹ̀ á fi dé ọwọ́ ẹ, tí ìwọ àti kọ́ńpínì yẹn á ti jọ sáìn ín.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, mo ti pé 44. Ilé iṣẹ́ kan l'Ọ́tà fẹ́ gbà mí gẹ́gẹ́ bí fọ́ọ̀mánì, wọ́n ní agbaṣẹ́ṣe kan ló máa gbà mí, kì í ṣe àwọn tààrà. Ní intáfíù wọ́n bi mí pé èló ni mò ń gbà níbi tí mo wà. Owó yẹn kéré, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Mo ní kí n padà wá dá wọn lóhùn lọ́la. Ṣé kí n sọ iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ni? — Baba Ìbejì, Sàǹgó

Ẹ má sọ iye tí kì í ṣe òótọ́ sà. Wọ́n lè ní kí ẹ mú payslip wá, tàbí ìwé báǹkì oṣù mẹ́fà, wọ́n sì máa ń ṣe é gan-an. Ìlú New York ti fòfin de ìbéèrè yẹn láti ọdún 2017, kò sí agbanisíṣẹ́ tó gbọdọ̀ bi ẹni tó ń wáṣẹ́ níbẹ̀ iye tó ń gbà, torí wọ́n rí i pé ẹni tí wọ́n bá ti rẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan, ìrẹ́jẹ yẹn á máa tẹ̀ lé e láti iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Níbí, wọ́n ń béèrè ẹ̀, ẹ ṣì lè dá wọn lóhùn láì parọ́ láì sì dá ara yín lẹ́jọ́. Ẹ ní: "Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbẹ̀, èmi nìkan ni. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gbé fún mi yìí, ènìyàn mẹ́fà ló máa wà lábẹ́ mi, ti jẹnẹrétọ̀ àti ti pánẹ́ẹ̀lì, iye tí mo rò pé ó tọ́ sí fọ́ọ̀mánì nìyí." Kẹ́ ẹ sọ iye yín. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ yín, ẹ sọ òótọ́, kẹ́ ẹ sì fi kún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kúrò níbẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn o.

Èyí tó jẹ mí lógún jù nínú lẹ́tà yín ni agbaṣẹ́ṣe yẹn. Ẹ bi wọ́n pé ta ló máa san owó yín gan-an, ọjọ́ wo nínú oṣù, tí ilé iṣẹ́ ò bá tíì san fún agbaṣẹ́ṣe ńkọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ máa dúró? Òfin iṣẹ́ wa sọ pé kí wọ́n kọ àdéhùn fún òṣìṣẹ́ sínú ìwé kó tó pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀, iye owó, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, gbogbo ẹ̀, àmọ́ ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Ẹ sì béèrè pé ṣé agbaṣẹ́ṣe yẹn ń san owó NSITF lórí yín. Òfin ọdún 2010 ló ní kí agbanisíṣẹ́ máa san án, òun ló sì ń dá owó padà fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, tàbí fún ìyàwó àtọmọ tí ohun tó ju ìṣèṣe lọ bá ṣẹlẹ̀. Kọ́bọ̀ kankan ò gbọdọ̀ ti àpò tiyín jáde fún un. Iṣẹ́ iná kì í ṣe iṣẹ́ à ń fi ṣeré, tí wọ́n bá ní àwọn ò mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ, ẹ lọ bi ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀. Ẹ ṣírò àsìkò àfikún náà, ìyẹn ovataimu, fọ́ọ̀mánì tí wọ́n ń pè jáde lóru Sunday torí pé jẹnẹrétọ̀ kọ̀ láti jí, kí wọ́n ti sọ iye tí wákàtí kan jẹ́ fún un sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, tíṣà ni mí l'Óṣogbo, NCE ni mo ní. Ilé ìwé aládàáni kan ní àwọn máa san ₦45,000 fún mi. Mo gbọ́ pé ìjọba ní ₦70,000 lowó tó kéré jù. Ṣé mo lè sọ ọ́ fún wọn? — Tíṣà Ọmọ Ọ̀ṣun

O lè sọ ọ́, àmọ́ kọ́kọ́ ka iye òṣìṣẹ́ wọn. Òótọ́ ni, láti July 2024 ni owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà ti di ₦70,000, ó kúrò ní ₦30,000 tó wà láti 2019, àmọ́ òfin yẹn yọ àwọn tó ní òṣìṣẹ́ tí kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀. Ka àwọn tíṣà, ka akọ̀wé, ka awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ka màmá tó ń se oúnjẹ, ka ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Tí wọ́n bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, o ní òfin lọ́wọ́, sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé ₦70,000 ni òfin sọ. Tí wọn ò bá tó, ọ̀rọ̀ di ti ìwọ àtàwọn.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé wọ̀nyí, owó ilé ìwé tí àwọn òbí ń san gan-an kò pọ̀, mi ò ní fi gbogbo ẹ̀bi lé olùdásílẹ̀ lórí, àmọ́ ₦45,000 fún ẹni tó ń kọ́ ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n láti aago méje ààbọ̀, ó dùn mí. Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé ṣé wọ́n máa sanwó oṣù August. Má rẹ́rìn-ín o, ọ̀pọ̀ tíṣà ló jẹ́ pé ìparí July ni wọ́n máa ń gbọ́ pé kò sí owó ìsinmi gígùn, owó oṣù mọ́kànlá ni wọ́n ń gbà lọ́dún tí wọ́n pè ní méjìlá. Tí wọn ò bá sanwó August, owó ẹ kì í ṣe ₦45,000, bíi ₦41,000 ni. Èkejì, tó o bá lọ́mọ, béèrè kí wọ́n gba ọmọ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ìdajì, ìyẹn rọrùn fún wọn ju owó lọ, torí àga tó ṣófo ní kíláàsì kò ná wọn ní nǹkan púpọ̀, ó sì lè ju ₦15,000 lọ fún ẹ lóṣù. Ẹ̀kẹta ni lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, owó tí àwọn òbí ń san fún un, ìdá mélòó ló jẹ́ ti tíṣà? Ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá di rárá, àbúrò mi, wá ibòmíì lọ, kó o má sì rò pé ìwọ lo ṣe àṣejù.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún mẹ́fà ni mo lò ní ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà kí n tó dé Leeds. NHS, ìyẹn ilé ìwòsàn ìjọba níbí, ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní Band 5. Ṣé èèyàn máa ń bá ìjọba òyìnbó dúnàádúrà ni? — Ìyá Tèmi, Leeds

Kò sí dúnàádúrà lórí band, ìyẹn ọ̀wọ́ owó oṣù tí wọ́n fi èèyàn sí, láti 2004 tí ètò owó oṣù NHS tí wọ́n ń pè ní Agenda for Change ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ti wà ní kíkọ, ẹnikẹ́ni tó bá wà ní Band 5, iye yẹn ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ipele inú Band 5 yẹn, mẹ́ta ni wọ́n, ti ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì, ti ẹni tó ti lo ọdún méjì, àti ti ẹni tó ti lo mẹ́rin. Tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n lè fi yín sí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kẹ́ ẹ tó sáìn, ẹ kọ ímeèlì sí HR pé ẹ fẹ́ kí wọ́n ka ọdún mẹ́fà yín mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì fi lẹ́tà láti ilé ìwòsàn tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ sí i, tí ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé àti ọjọ́ tẹ́ ẹ jáde wà nínú ẹ̀. Trust kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìwòsàn NHS, ní ìlànà tiẹ̀, àwọn kan máa kà gbogbo ẹ̀, àwọn kan á kà díẹ̀. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́tà yẹn o, ẹ mọ bí ó ṣe máa ń pẹ́ kí rẹ́kọ́ọ̀dù nílé tó rí fáìlì èèyàn, ẹ rán ẹnì kan lọ jókòó tì wọ́n.

Mo ti sáìn o, oṣù méjì sẹ́yìn. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà wá sọ fún mi lánàá pé ₦60,000 ni tòun fi ju tèmi lọ. Mi ò tíì sùn. — Ó Ká Mi Lára, Abẹ́òkúta

Pẹ̀lẹ́, mo mọ bó ṣe rí, mo ti sọ tèmi lókè. Má lọ bá ọ̀gá lónìí, inú ẹ ṣì ń ru. Má sì dárúkọ ẹni tó sọ fún ẹ láéláé, wàá kó o sí wàhálà, kò sì sẹ́ni tó tún máa sọ òótọ́ fún ẹ mọ́. Wo lẹ́tà ẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi máa dán ẹ wò kí wọ́n tó fìdí ẹ múlẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ tìẹ. Láti òní, ra ìwé kékeré kan, máa kọ ohun tó o ṣe síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbèsè tó o gbà wọlé, oníbàárà tó ti lọ tó o mú padà wá, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ẹ tí kò sí nínú lẹ́tà, kọ déètì sí i. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù mẹ́fà pé, kọ sí mánéjà ẹ pé o fẹ́ rí wọn lórí ìfìdímúlẹ̀ ẹ àti owó oṣù ẹ, kó o mú ìwé yẹn dání lọ, kó o sì ti mọ iye tó o fẹ́ pè.

Ọmọ Mókọ́lá, ìwọ ni mò ń retí jù, torí ọjọ́ Ajé ò jìnnà mọ́. Kọ̀wé sí mi bó bá ṣe lọ, bóyá wọ́n fi kún un tàbí wọn ò fi kún un, kó o sì jẹ́ kí mọ́mì kà á kó o tó fi ránṣẹ́.